Ta Ni "Wọ́n"?

Bí ọjọ́ Ẹtì bá fi máa parí, ohùn igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé náà á ti há. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló ń há a lóhùn, ẹjọ́ ni. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìbáwí, iṣẹ́ tó bọ́ sí i lọ́rùn nígbà tí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Ìyá Kóòtù. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i.

Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí nígbà kan ni kóòtù rẹ̀: tábìlì gígùn kan, àga mẹ́ta fún ìgbìmọ̀, bẹ́ǹṣì kan fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, fèrèsé tí kò ṣeé tì dáadáa, àti òórùn rọ́bà tó kọ̀ tí kò lọ. Níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìjà, ẹjọ́ olè, ẹjọ́ ọmọ tó bú olùkọ́ àti ti olùkọ́ tó bú ọmọ. Iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ pé irọ́ àwọn ọmọdé kò pọ̀ tó bí àwọn àgbà ṣe rò. Ìdákẹ́jẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, òun ló sì ń tán an lókun jù.

Ẹjọ́ tó délẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yìí wúwo. Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo tí ilé-ìwé ní, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, ti fọ́. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá ọmọbìnrin kan láti kíláàsì àṣekágbá, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa gíláàsì. Òfin kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú: olùkọ́ nìkan ló lè gbé awò náà jáde kúrò ní láàbù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé e, tó sì bà á jẹ́, lílé ni. Bí wọ́n bá lé ọmọ yìí báyìí, ìdánwò àṣejáde tó ti kan ilẹ̀kùn yóò kọjá lójú rẹ̀, nítorí kò sí ilé-ìwé ìjọba mìíràn tí yóò gbà á ní ìparí ọdún.

"Ta ló ní kí o gbé e?" Ìyá Kóòtù bi í.

"Wọ́n ní kí n bá wọn gbé e lọ sí kíláàsì òkè ni, mà."

"Àwọn wo?"

Ọmọ náà dákẹ́.

"Mo ní àwọn wo? Dárúkọ wọn!"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tó jókòó lápá ọ̀tún alága, ṣí ìdérí bírò rẹ̀, ó tún dé e. Olùkọ́ eré ìdárayá, tó wà lápá òsì, rẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ́ ni wọ́n kó, mà. Ẹ ò rí i bó ṣe pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bò."

Lẹ́yìn ìbéèrè púpọ̀ tí kò mú èsì wá, ìgbìmọ̀ dá a lẹ́bi. Ó ku kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Kóòtù nà gbalaja sórí àga ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ti sùn. Rárá, wọn ò tíì jẹun. Wọ́n ní fíríìjì tí àwọn tún ṣe láàárọ̀ ló mu àwọn lẹ́jẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá rẹ̀ ké sí i, "àwọn wo ló sùn? Èèyàn mélòó ló kún inú ilé yìí?"

"Dádì ni o! Ṣé kí n wá pe Dádì ní 'ó' ni? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ gbá mi létí!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tó dìde jókòó. "Wọ́n" kan náà ni a fi ń pe ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn, òun náà la fi ń pe àgbà kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Òun tó ti ń lò ó láti kékeré ni kò rántí lórí àga ìdájọ́. "Ta ni?" ló yẹ kó bèèrè. "Àwọn wo?" ló bèèrè, ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹnì kan di ẹgbẹ́.

Ó wọ bàtà, ó sì lọ sílé ọmọ tí wọ́n dá lẹ́bi.

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró nígbà tó rí àlejò.

"Ẹ kú ilé, mà. Ṣé ẹ tún wá lé èmi náà ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ìbéèrè kan ni mo bá wá." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ọmọ mi, 'wọ́n' tí o wí lánàá, ẹni mélòó ni?"

"Ẹnì kan ni, mà."

"Ta ni?"

Ọmọ náà ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. "Wọ́n jókòó lápá ọ̀tún yín, mà."

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ní kí n dárúkọ wọn, mà. Mo rò pé ẹ ti mọ̀, pé ẹ kàn fẹ́ wò ó bóyá mo lè fi orúkọ pe olùkọ́ mi lójú ara wọn. Mo ń dúró kí wọ́n fúnra wọn dá sí i ni."

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò jiyàn. Ó ní kíláàsì méjì ni wọ́n kó fún òun lákòókò kan náà, pé òun ń kánjú, pé ìgbéga òun ti sún mọ́lé.

"Mo rò pé ẹ máa bá a wí lásán ni, mà. N kò mọ̀ pé ó máa tó báyìí."

"Ojú rẹ ló ṣe tó báyìí," obìnrin náà dá a lóhùn. "Bírò lo ń dé."

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa orí. "Kò sí lílé mọ́. A ó sọ lórí pápá láàárọ̀ yìí pé a ti dárí jì í. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ dárí rẹ̀ jì í, sà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fẹ́ gba ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti ń pè é ní Fọ́gíláàsì níta. Bí ẹ bá ní ẹ dárí jì í, orúkọ yẹn á bá a délé ọkọ."

"Ẹ fẹ́ kí n wá dójú ti olùkọ́ níwájú àwọn ọmọ? Ta ló máa kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì?"

Ó ti rẹ obìnrin náà ju kó máa jiyàn lọ. Ṣùgbọ́n lórí pápá, nígbà tí ọ̀gá dé ibi "a ti dárí ji," ó bọ́ síwájú, ó sì fi ohùn tó há náà sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yìí kò ṣẹ̀. Olùkọ́ ló rán an níṣẹ́. Èmi ni n kò mọ ìbéèrè bi."

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń wo bàtà rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni ọmọkùnrin kan ti pariwo, "Fọ́gíláàsì, o ti yege o!" Ẹ̀rín sọ, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí.

Kí wọ́n tó jáde lọ́sàn-án, ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè é. "Ó jọ pé iṣẹ́ ìbáwí ti ń wọ̀ yín lọ́rùn, mà. Ẹ sinmi díẹ̀." Olùkọ́ eré ìdárayá ni wọ́n gbé e fún. Obìnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kóòtù rẹ̀ lélẹ̀, ó sì dúpẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ó ti máa ń rò pé ọjọ́ tí òun bá sọ ẹrù yìí kalẹ̀, òun yóò sùn bí òkúta. Kò sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn. Ó pín ìwé ìbéèrè títí ó fi kan ọmọbìnrin náà, ó fi í síwájú rẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìlà tó kàn.