Igi tí Kíkẹ́lọmọ Gbìn sínú Kọ̀ǹpútà

Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Ọlábọ̀dé wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkéèkì kan ní Sábó, nítorí náà gbogbo ìwé àdéhùn tó bá ti ibẹ̀ jáde ló máa ń ní òórùn bọ́tà. Ọdún 1996 là ń wí yìí. Ilé iṣẹ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì nígbà náà, ilé iṣẹ́ ńlá ni. Mẹ́rin ni ti Ọ̀gá Ọlábọ̀dé, mẹ́ta nínú wọn sì máa ń ṣiṣẹ́ bí iná bá wà.

Kíkẹ́lọmọ ló ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ó sin ìlú rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì wá iṣẹ́ fún méjì, títí bàtà rẹ̀ fi lè dá lọ sí Ìkẹjà láìsí òun nínú rẹ̀. Ọ̀gá Ọlábọ̀dé, tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti ìyá rẹ̀, ló gbà á síṣẹ́, tó sì tún fún un ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé ilé tirẹ̀ gan-an. Láàárọ̀ á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá nílé. Bó bá di aago mẹ́jọ, á tún kúnlẹ̀ kí i lọ́fíìsì. Ó ní oore kan wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: orúnkún ẹni kì í gan.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá oògùn: orúkọ aláìsàn, orúkọ oògùn, iye tí yóò lò, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ìwé yìí gbayì ju oògùn lọ. Àwọn aláìsàn kan máa ń béèrè bóyá àwọn lè gba ìwé náà nìkan, kí àwọn ará ilé lè rí i.

Ṣùgbọ́n iye oògùn kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Kíkẹ́ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá to gbogbo rẹ̀ bí igi. Ìdí igi ni ilé ìwòsàn lódindi. Ẹ̀ka tó yọ lára rẹ̀ ni àwọn wọ́ọ̀dù: ti àgbà, ti aboyún, ti ọmọdé. Lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni oògùn wà, ewé sì wà lára oògùn. Ojú ewé yẹn ni wọ́n kọ iye sí. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ aláìsàn, ẹ̀rọ á gbéra láti ìdí igi, á gba ẹ̀ka wọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjá, á dé orí oògùn, á ka ewé, á sì tẹ ìwé jáde. Bí iye kan bá yí padà lọ́la, kò sẹ́ni tó máa tú ètò palẹ̀. Ewé kan ṣoṣo ni wọ́n máa yí. Ó dùn mọ́ Kíkẹ́ débi pé ó yàwòrán igi náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n lè kọ iye sí ìdí igi pẹ̀lú, kó bo gbogbo ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdí igi bá wá wí tirẹ̀, tí ewé náà wí tirẹ̀, ti ta ni kí ẹ̀rọ gbà? Nínú gbogbo ìwé tí Kíkẹ́ kà, ti ewé ni, torí ewé ló sún mọ́ aláìsàn jù. Ó gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá Ọlábọ̀dé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kíkẹ́, bí bàbá yín bá ní kẹ́nikẹ́ni má jáde, tí àbúrò ẹ ní òun á jáde, ṣé ó máa jáde?"

"Ó máa jáde sà," ni Joshua, tó ń bá Kíkẹ́ kọ ètò, dá a lóhùn. "Ojú fèrèsé ló máa gbà."

"Ìdí nìyẹn tó o fi ń sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, Joshua." Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Nínú ètò tèmi, ìdí igi ló ni ọ̀rọ̀. Ibi tí ìdí igi bá ti dákẹ́, kí ewé máa sọ tiẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́?"

Kíkẹ́ la ẹnu. Ó rántí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ó pa á dé, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí.

Kò kúkú sẹ́ni tó rí àléébù rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ètò náà fi ṣiṣẹ́ geere, torí pé ìdí igi ò sọ nǹkan kan. Gbogbo ewé ń sọ tiwọn jẹ́jẹ́. Ọ̀gá tilẹ̀ lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan, ó ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún kọ̀ǹpútà ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ra báàgì tuntun.

Nígbà tí oṣù mẹ́jọ náà pé, lóṣù Júùnù, Dókítà tó ni ilé ìwòsàn rí i pé àwọn dókítà wọ́ọ̀dù àgbà ń kọ kuníìnì bó ṣe wù wọ́n: eléyìí ní ẹyọ kan, tọ̀hún ní ẹyọ mẹ́ta. Inú bí i. Ó ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé. Ọ̀gá Ọlábọ̀dé lọ fúnra rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sí ìdí igi: kuníìnì, ẹyọ méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ méje. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí wọ́ọ̀dù ọmọdé, níbi tí ewé ti ń pariwo pé ààbọ̀ ni, ààbọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Shakirat fóònù. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn nílé ìwòsàn náà, ó lóyún oṣù mẹ́jọ, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Àǹtí Kíkẹ́, ẹ̀rọ yín ti ya wèrè o. Ó ní kí n fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní kuníìnì méjì méjì. Ṣé ẹ fẹ́ kí etí ọmọ ọlọ́mọ di ni?"

Kíkẹ́ ti mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kí Shakirat tó sọ̀rọ̀ tán. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo fi báírò gé e, mo kọ ààbọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ wá tún un ṣe."

Kíkẹ́ ṣe àtúnṣe náà kí ọ̀sán tó pọ́n: láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ̀rọ gba ti ewé. Ó dà á sínú dísìkì pẹlẹbẹ kan, ó sì kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni sà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ta ló ní kó o ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é sà."

"Mo ti sọ fún Dókítà pé ohun tí àwọn bá ti kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè yí i. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún wọn pé ewé ti yí i?"

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká pa ti ìdí igi rẹ́, sà."

"Ọ̀rọ̀ Dókítà lo fẹ́ pa rẹ́?" Ó wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n wó ilé ìwòsàn náà lulẹ̀. "Nọ́ọ̀sì yẹn ń fi báírò tún un ṣe, àbí kò ṣe é?"

"Ó ń ṣe é sà."

"Ó dáa. Bí oṣù bá parí, màá bá Dókítà sọ ọ́, àgbà sí àgbà. Títí dìgbà yẹn, kí wọ́n máa lo báírò."

Kíkẹ́ ní, "Ẹ ṣeun sà." Ó dúpẹ́ lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Bí dísìkì náà ṣe ń bá a rìn káàkiri nìyẹn, nínú báàgì rẹ̀, láàárín páálí pọ́dà ojú àti bíbélì kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ̀ kalẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tó fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn náà, tó tún yí padà. Ó ń rò ó pé bí òun bá wọlé, Dókítà á fóònù ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá gbọ́, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé á tì. Ó ń rò ó pé iṣẹ́ tí ọ̀gá fún òun ni kò jẹ́ kí ìyá òun kú pẹ̀lú ìrònú. Ọ̀nà àti dákẹ́ ò wọ́n ẹni tó bá mọ ìṣirò.

Ohun tó ń ṣe ni pé á fóònù Shakirat láràárọ̀.

"Mélòó lánàá?"

"Mẹ́ta. Mo ti gé wọn. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé báírò mi ti ń gbẹ o." Á rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bí mo bá lọ bímọ ńkọ́?"

"A ó ti ṣe é kó o tó bímọ."

"Ọmọ ò kúkú mọ kàlẹ́ńdà."

Òótọ́ ló sọ, ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejìdínlógún tí wọ́n ti ń lo báírò, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń jẹ́ Lydia ló gbé fóònù. Wọ́n ti gbé Shakirat lọ ní ìdájí, ó ti bí obìnrin. Kíkẹ́ ní kí Lydia bá òun kí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ báírò fún un.

"Kí n gé ohun tí kọ̀ǹpútà kọ?" Lydia ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí, ọjọ́ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, màá gé e. Bí ẹ bá ní kí n gé orí ẹ̀rọ náà gan-an, màá gé e."

Ọ̀gá Ọlábọ̀dé wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń wá oníbàárà mìíràn fún ètò tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dé. Kíkẹ́ tẹ lẹ́tà náà, ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀gá, ó sì fi í síwájú àga rẹ̀. Dísìkì wà nínú báàgì. Láti Sábó dé Sùúrùlérè ò ju ẹ̀kọ gbígbóná kan lọ. Bó o bá gbé e débẹ̀, kò tíì tutù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní kuníìnì nílé ìwòsàn náà. Adéfúnmiláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀, aránṣọ ni ní Mọ́ṣín, ó sì mọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Ìyá tí kò mọ̀wé ì bá béèrè lọ́wọ́ ará ilé, ará ilé ì bá ní méjì ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Ìyá Fúnmi ka ìwé pélébé náà, ó tẹ̀ lé e láìfi ìkan kan dín. Bí ọmọ bá bì í, á tún fún un ní òmíràn. Bó bá ń sùn, á jí i.

Lọ́jọ́ Ajé ó gbé e padà wá. Wọ́n ní ojú ọmọ ń ṣú, ó ń bì, wọ́n sì ń pè é, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là padà ní ọjọ́ kẹrin. Etí ò là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀gá dé, Dókítà ti ránṣẹ́ pè é; òun àti Kíkẹ́ jọ lọ síbẹ̀ ni. Kò ka lẹ́tà. Nígbà tí òun àti Dókítà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, Kíkẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ki dísìkì bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, méje ni. Lydia dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún láìjẹ́ kó dún. Kò sẹ́ni tó bi Kíkẹ́ ohun tó ń ṣe.

Àwọn àgbà méjèèjì jáde, wọ́n ti fẹnu kò. Iná ni. Iná ló ṣẹ́jú, tó da ọpọlọ ẹ̀rọ rú. Kò sí ẹlẹ́bi tó rọrùn bí iná ní Èkó: kì í jiyàn, kò ní lọ́yà, gbogbo ènìyàn ló sì ti ń bú u tẹ́lẹ̀.

Kíkẹ́ kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé níparí oṣù keje. Ọ̀gá ní aláìmoore ni. Ilé ìwòsàn mẹ́ta mìíràn ra ètò náà lọ́dún yẹn. Àtúnṣe Kíkẹ́ ni wọ́n ń lò, ewé ló ń borí, ọ̀gá sì ń sọ fún wọn pé ìdí igi ló ni ọ̀rọ̀. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Kíkẹ́ wá ilé Ìyá Fúnmi kàn ní Mọ́ṣín. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípákó ni, ó ń dún wọgẹwọgẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá Fúnmi rò pé ẹni tó fẹ́ ránṣọ ni. Ó ti mú téèpù lọ́rùn kí Kíkẹ́ tó jókòó. Kíkẹ́ sọ ọ́ láìdánu dúró, kó má baà yí padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kì í ṣe iná, ìyá. Èmi ni mo kọ ètò yẹn. Mo ti mọ̀ pé kò dáa kí Fúnmi tó débẹ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú báàgì mi."

Ìyá Fúnmi ká téèpù náà, ó tú u, ó tún ká a.

"Ọ̀gá yín wá. Àwọn àti Dókítà. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní iná ni."

"Wọn ò sọ òótọ́."

"Àǹtí, ẹ dákẹ́." Kò pariwo. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó fi oògùn yẹn sí i lẹ́nu? Èmi ni. Mo dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ iná ni, mo lè jí láàárọ̀ kí n ránṣọ. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, tẹ́nì kan mọ̀ tí ò sọ, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n bá yín jà? Kí n pa yín? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ iná."

Ẹ̀bi ni Kíkẹ́ wá gbà, àmọ́ ó dà bíi pé ẹrù ló gbé wá fún obìnrin náà. Ó dìde, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá Fúnmi ò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń to bọ́tìnì jọ sórí pákó ní àwọ̀ àwọ̀. Kíkẹ́ pè é: "Fúnmi, ó dàbọ̀." Ọmọ fi bọ́tìnì pupa kan sórí òmíràn.

"Ẹsẹ̀ lẹ máa fi pè é," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ti padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ fi gbá pákó."

Kíkẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ ò yíjú.

"Ẹ gbá a dáadáa."

Ó gbá a. Gbogbo bọ́tìnì fò lẹ́ẹ̀kan náà, Fúnmi sì yíjú padà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.