Pa Iná Yẹn, Evanthia!

Gbogbo ará Volos, ìlú kan nílẹ̀ Gíríìsì, ló mọ ìtàn ẹja yẹn, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ gùn jù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Bàbá Polidoro ló ni ọgbà sinimá tó wà láàárín àdúgbò. Kò lórùlé, ìgbà ooru nìkan ló ń ṣí: àga aláṣọ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ògiri funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀ níwájú, ìràwọ̀ lókè. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí i ká, fàráńdà wọn sì kọjú sí ògiri yẹn, kí ẹ kúkú mọ̀ pé ìdajì àdúgbò ló ń wo sinimá lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn. Tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí kálukú pa iná fàráńdà rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹja náà, ọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ ńlá tó ní ilé sinimá káàkiri Yúróòpù. Wọ́n fẹ́ ra ọgbà náà, kí wọ́n kọ́ ọ̀kan tó lórùlé tó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀. Bàbá ní kó jókòó wo fíìmù ná. Fíìmù ò tíì rìn jìnnà tí iná tàn yòò lókè. Màmá Evanthia ń dín ẹja ní fàráńdà rẹ̀.

Bàbá dá fíìmù dúró.

"Evanthia! Pa iná yẹn!"

"Ẹja mi ò tíì jinná, Polidoro. Ṣé inú òkùnkùn ni kí n ti máa yí i ni?"

"Kò burú. Gbogbo wa á dúró dè é."

Wọ́n sì dúró lóòótọ́. Àwọn kan ń ké sókè pé kó yí i padà, àwọn kan ní epo rẹ̀ ti gbóná jù. Nígbà tó jinná, Màmá Evanthia fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀, ẹja gbígbóná kún inú rẹ̀. Ọkùnrin iléeṣẹ́ náà jẹ méjì.

"Bàbá," ó ní, ó ń nu ọwọ́, "ní àwọn ilé sinimá tiwa, a kì í torí ẹja dá fíìmù dúró."

"Abájọ tẹ́nikẹ́ni ò fi ń fún yín lẹ́ja," ni Bàbá wí. Kò sì ta ọgbà.

Alágídí ni, ká má purọ́. Tí òjò bá ń rọ̀, á ní ìrì ni. "Ìrì ni, ẹ jókòó jàre!" Omi á sì máa kán nímú òun alára. Rodanthi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, á gbé agbòjò wá.

"Bàbá mi, ẹ wo ara yín, ẹ ti tutù rinrin."

"Èmi? Òógùn ni."

Àwọn tó ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń rí i he. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, á yọjú: "Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó sanwó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná!" Ẹ ó rò pé wọ́n á bú u. Rárá o. Wọ́n á di ẹ̀rín mẹ́nu títí ìsàlẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n tó tú tiwọn jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́gbà Polidoro.

Ìgbà òtútù ni Bàbá kú. Nígbà tí ooru dé, iléeṣẹ́ náà tún padà wá. Nọ́ọ̀sì ni Rodanthi, iṣẹ́ méjì ti pọ̀ jù fún un, ó sì gbà láti tà á. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣí ọgbà kí àdúgbò lè wo fíìmù ìkẹyìn.

Gbogbo fàráńdà ṣókùnkùn àfi ọ̀kan. Màmá Evanthia jókòó sábẹ́ iná rẹ̀. Kò dín nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde ló ń wò, níbi tí Bàbá ti máa ń yọrí láti pariwo. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti bá a wí.

Rodanthi dá fíìmù dúró, ó yọrí síta.

"Màmá Evanthia! Ẹ pa iná yẹn!"

"Ẹ̀hẹ́n!" ni màmá wí. "Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń retí ẹni tó máa bá mi wí. Lọ́la ńkọ́? Ṣé o máa wà níbí?"

Rodanthi wo ògiri funfun, ó wo ìràwọ̀. Ó sọkún, kò sì fi pa mọ́.

"Màá wà níbí, Màmá. Mi ò tà á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ paná, ẹ jọ̀ọ́, à ń wo fíìmù!"

Iná kú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará òkè di tiwọn mẹ́nu, wọ́n dúró kí àwọn ará ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín tán ná.