Ojú Ìyàwó Mi Kò Dúró De Ìlú Fẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Saudi. Ó ti pẹ́ o, láàárín àwọn ọdún 1990 ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí rẹ̀, oúnjẹ kì í wù mí jẹ mọ́.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí nígbà náà níléeṣẹ́ kan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni èmi àti ìyàwó mi, Àlàájà Sìdíkátù, jọ kà ní yunifásítì nígbà ọ̀dọ́ wa. Kíláàsì kan náà! Níbẹ̀ la ti gbọ́ nípa Kairúwáànì, Màrákẹ́ṣì àti Fẹ́ẹ̀sì, àwọn ìlú àtijọ́ ní Àríwá Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò ti ń la aṣálẹ̀ kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi a máa sọ pé bí òun bá fojú rí Fẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan péré, ìwé tí òun kà kò ṣòfò.

Ojú ọ̀hún ló wá ń ṣàìsàn. Dókítà Múfútáù, ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ìjẹ̀bú, pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé wa ní àdúgbò Gúlélì, ó ní oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ń lọ. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú èyí fún aya rẹ̀? Mo wọlé, n kò tíì yanu tí ìyàwó mi fi sọ pé:

"Bàbá Rọ́fìá, ojú mi ló ń lọ, etí mi wà níbẹ̀! Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ mú mi lọ sí Fẹ́ẹ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bí Ọlọ́run ti ṣe é, Dókítà ń kó àwa ọmọ Nàìjíríà mélòó kan lọ sí àwọn ìlú náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ará Mòrókò kan ni yóò máa mú wa káàkiri. Ìyàwó mi ra bàtà pẹlẹbẹ. Ó tún ń bi mí ní ìtàn bí ẹni pé ìdánwò ń bọ̀! Ó ní bí n kò bá rántí orúkọ àwọn ọba wọn, òun yóò sọ fún afinimọ̀nà pé dírẹ́bà òun ni mí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Saudi nígbà náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Páásípọ́ọ̀tù wa kò sí lọ́wọ́ wa. Kafíìlì, ìyẹn ọ̀gá tó gbà wá sílùú, ló tì í mọ́ inú sééfù. Bí kò bá yọ̀ǹda, a kò lè jáde kí á tún padà wọlé. Mo lọ bá akọ̀wé rẹ̀. Ó ní "búkúrà", ọ̀la nìyẹn. Mo padà lọ, ó tún di ọ̀la. Ìyàwó mi ní ṣé ọ̀la tiwọn kì í mọ́ ni?

Ìgbà tí kafíìlì wá gbà tán, ìyá rẹ̀ kú ní ìlú Tá'ìfù. Ó mú kọ́kọ́rọ́ sééfù lọ síbi òkú. Ta ni n ó bá jà? Ẹni tó ń sunkún ìyá rẹ̀? Àwọn Dókítà dúró dè wá títí ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì lọ.

Ìyàwó mi kò sunkún. Ó ní kí n mú òun lọ sí Mẹ́kà. Ó jókòó níwájú Káábà, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló ń tọrọ. Ó ní òun kò tọrọ nǹkan kan, òun kàn ń wò ó ni.

Ní ọdún kejì, ojú náà ti lọ pátápátá. Ìgbà náà ni kafíìlì fúnra rẹ̀ gbé páásípọ́ọ̀tù wá bá mi, pẹ̀lú físà nínú rẹ̀! Ó ní kí n má bínú. Ìyàwó mi ní kí n lọ, kí n wá ròyìn fún òun. Mo ní n kò lọ. Inú bí i gan-an: "Ta ni yóò wá bá mi wò ó?" N kò lè lọ. Kí ni n ó ròyìn fún obìnrin tó mọ ìlú náà jù mí lọ?

Ó ti di olóògbé báyìí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá fi Fẹ́ẹ̀sì hàn mí lórí fóònù, mo máa ń ní kí wọ́n pa á.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ohun tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá fẹ́ rí, ẹ tètè mú un lọ wò ó. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀nà wà, n kò ní ìmọ̀ràn kankan fún yín. Ìrìn-àjò wo ló bọ́ mọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí. N ó ka gbogbo rẹ̀. Èmi nìkan ló wà nílé.