Ọwọ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, télọ̀ ní àdúgbò Takie, kì í fọwọ́ òsì fún ènìyàn ní nǹkan. Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ó kúkú ń gbé nǹkan sílẹ̀ kí a mú un.

Mo máa ń sọ fún un pé, “Ẹ fọwọ́ òsì nà án sí mi, kò burú.”

Òun náà á ní, “Ṣé ìjà la jọ ń jà ni?”

Ojoojúmọ́ ló ń fi ọwọ́ rírọ náà fún fóòmù kékeré kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ó lè padà lágbára. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé ọwọ́ náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Lánàá tí mo dé láti Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n na mángòrò sí mi.

“Tètè gbà á, ó wúwo!”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Omijé bọ́ lójú mi. Ìbànújẹ́ kọ́, ọkàn mi ló balẹ̀.

“Gírájúéètì! Mángòrò kan ló pa ọ́ lẹ́kún báyìí?”