Ẹsẹ̀ Ló Rọ, Ẹnu Ò Rọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó yẹ kó bi ẹ̀gbọ́n màmá mi, ìka wọn á ti lọ sókè: "Ẹsẹ̀ mi ló rọ, ẹnu mi ò rọ. Èmi ni kó o bi." Ní Ìkòtún tí wọ́n ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n wá, èmi ni mo sìn wọ́n lọ. Ó ra ìjókòó tó gbòòrò díẹ̀ ju tàwọn èrò yòókù lọ fún wa. Nígbà tí bàálù ti gbé wa dé ojú ọ̀run, ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Mo bẹ ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù náà pé kó gbé àga onítáyà tóóró tí wọ́n fi ń gbé arọ lọ sílé ìtọ̀ wá. Èmi ló kọjú sí.

"Ṣé màmá ò lè mú un mọ́ra títí a ó fi balẹ̀ ni?"

"Ṣé ìwọ lè mú un mọ́ra?" ẹ̀gbọ́n màmá mi ló dáhùn.

Nígbà tí àga ọ̀hún dé, àpò ìdọ̀tí ni wọ́n ti ń kó lé e, omi ọbẹ̀ kíkan ń kán lára rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi bébà nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti tán.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tú ìborùn tuntun tí wọ́n fẹ́ fi wọlé ọmọ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga, wọ́n jókòó. Bá a ṣe padà dé àyè wa, wọ́n ká a, wọ́n nà án sí ọmọbìnrin náà.

"Gbà, jàre, bá mi sọ ọ́ nù. Mi ò lè gbé ẹ̀gbin yín wọlé ọmọ mi."