Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbẹ́sẹ̀ Kọjá Lórí Mi

Mo kúrú. Mi ò ní parọ́. Láti kékeré ni mo sì ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kan ni mo sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí mi. Mo pariwo pé kí wọ́n padà, kí wọ́n tún un gbé, kí n lè ga. Wọ́n yọ ahọ́n sí mi, wọ́n sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, tí wọn ò padà, kò ní ga mọ́? Ẹ ṣáà wò mí!

Ìjà wa gangan, ọ̀rọ̀ ikú bàbá wa ló dá a sílẹ̀. Èmi ń gbé ní Pearland, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Rosenberg, ìlú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà náà. Lọ́yà ní bí mo bá fi lè kúrò ní Amẹ́ríkà, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé bá ìyàwó àtàwọn ọmọ mi. Ojú tì mí láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé gbogbo bí mo ṣe ń yangàn kiri, mi ò níwèé. Mo kàn ní iṣẹ́ ò fún mi láyè. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n lọ sí fídáù bàbá wa nílé. Wọ́n sọ lójú gbogbo ẹbí pé iṣẹ́ mi ní La Porte dùn mọ́ mi ju sàréè bàbá wa lọ. Àwọn ẹbí gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé etí mi. Haà! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ọdún mẹ́ta gbáko la ò bára wa sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà ní sàfù iwájú ní mọ́sáláṣí, èmi á lọ sí ẹ̀yìn pátápátá.

Ìyá wa wá tẹ̀ mí láago pé àwọn ń bọ̀ ní Houston. Wọn ò tíì fojú kan àwọn ọmọ mi rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú, nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ni mo rí, màá padà sílé láti ibẹ̀." Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n má ṣe é. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni obìnrin tó ń darí eré fún ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Houston pè mí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi wọn, eré ni wọ́n máa ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n Yorùbá kékeré kan níbí. Wọ́n ní kí n wá ṣe àbúrò tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Mo bi wọ́n pé ta ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀. Mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá nínú agbádá! Mo yíjú padà sọ́nà ilẹ̀kùn. Obìnrin yẹn ní, "Ẹ máa lọ o. Màá sọ ìdí tẹ́ ẹ fi lọ lórí tẹlifíṣọ̀n." Mo dúró.

Bí wọ́n ṣe kọ eré náà ni pé àbúrò á dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, á sì bá tiẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Obìnrin yẹn pariwo:

"Ẹ dúró! Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ ń wá nílẹ̀ ni?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún pariwo. Ìgbà kẹta, mo bínú, mo na gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀ tútù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò níwèé nígbà yẹn ni. Ojú ló tì mí. Ó wù mí kí n wá sin bàbá wa."

Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́sẹ̀, wọ́n kọjá lórí mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí wọnú eegun. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ni mo bá gbọ́ tí bàtà wọn dúró. Ó ń padà bọ̀. Wọ́n ká agbádá sókè, wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí mi padà síbi tí wọ́n ti wá.

"Mo ti padà o," ni wọ́n wí. "Dìde, èèyàn kúkúrú. Ó yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ ẹ."

Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò tijú. Obìnrin eré ń pariwo pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun ṣe kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ lọ tún un kọ."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo la gbé lọ pàdé ìyá wa. Wọ́n rí wa, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti wo eré náà lórí fóònù.

"Ìwọ yìí," ni wọ́n wí, "o mà ti ga o!"