Irin Tí Jẹ́jẹ́ Pa Dé

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Kì í pariwo. Kì í sáré. Tí ọ̀gá bá bú u, á dúró kí ọ̀gá bú u tán, á wá ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ó ti kú báyìí. Mo fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, torí kò sí ẹlòmíì tó máa sọ ọ́.

Ilé ìfọṣọ la ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura la máa ń fọ̀ jù. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbọn omi kúrò lára aṣọ ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀, Ọ̀gá ò sì tún un ṣe. Ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ẹni méjì á mú aṣọ tó tutù, ọ̀kan á di etí kan mú ṣinṣin, èkejì á máa lọ́ etí kejì títí omi á fi dá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ́ ọ. Èmi ni mò ń dì í mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe láti ọjọ́ tó ti mú mi wọṣẹ́. Òun náà ló tọ́ mi nígbà tí àwọn òbí wa lọ. Yàrá kan la jọ ń gbé.

Ohun tí a bá rí nínú àpò aṣọ oníbàárà, a máa ń fi kọ́ ara ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́, ẹ̀gbà ọrùn, awò ojú. Ẹni tó ni ín á wá mú un. Lọ́jọ́ kan, irin kan jáde nínú àpò ṣòkòtò. Apá méjì ló ní, sípíríǹgì so wọ́n pọ̀ lókè. Irin táwọn alágbára fi ń dán ọwọ́ wò ni. Wàá fi ọwọ́ kan ṣoṣo fún un pọ̀ títí apá méjèèjì á fi kanra. Kò sẹ́ni tó wá bèèrè rẹ̀. Gbogbo wa fún un, ó kọ̀. Ni Ọ̀gá bá ní, "Ẹni tó bá pa á dé lójú mi, òun ló ni ín."

Ó pẹ́ lára ìṣó. A gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́, ó mú un, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí." Kò bọ́ ẹ̀wù. Kò fún ojú pọ̀. Apá méjèèjì kanra, ó dún kọ́. Ó fi sápò, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ariwo sọ. Wọ́n ní aṣọ lílọ́ ló fún un lágbára bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà. Ta ni ò ní gbà? Ọwọ́ tó ń lọ́ aṣọ ibùsùn láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni irin kékeré fẹ́ fi ṣe?

Àyà ló pa á. Ó wúkọ́, ó dùbúlẹ̀, ó lọ. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó rẹ̀ mí níbi ìtọ́jú.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bàtà, tówẹ̀lì, aṣọ iṣẹ́. Ọ̀gá kó wọn fún mi. Irin yẹn tí wọ́n bá níbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fún mi. Ẹni tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, tí a ń pè ní Erin, ti dúró tì í.

"Ọ̀gá, irin yìí kì í ṣe ogún o," Erin wí. "Òfin yín ni. Ẹni tó bá pa á dé ló ni ín. Ẹni tó ni ín ti lọ, ó ti padà sára ìṣó nìyẹn."

"Erin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú." Baba Alọṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni, òun ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ.

"Ṣé mo ní kò kú ni, Baba? Mo ti bá a kẹ́dùn. Irin ni mò ń sọ."

Ọ̀gá wojú mi. "Ọmọ mi, òfin ni. Pa á dé, kó o máa mú un lọ." Ó fi í kọ́ ara ìṣó.

Mo kó àwọn tó kù lọ sílé. Bàtà ẹ̀gbọ́n mi kò gbà mí lẹ́sẹ̀. Tówẹ̀lì ti gbó. Irin yẹn nìkan ló dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó wá sílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbára. Etí aṣọ tó máa ń lọ́, mo gbà á. Ẹni tuntun tí wọ́n fi tì mí ń di etí kejì mú. Mò ń gbé korobá omi méjì pọ̀. Tí mo bá délé, mo máa ń so rọ̀ mọ́ igi òkè ẹnu ọ̀nà títí ìka á fi kú. Mò ń gbé òkúta tó wà lẹ́yìnkùlé sókè, mò ń gbé e sílẹ̀.

Ìyá onílé yọjú. "Ṣé o fẹ́ kọ́lé sórí ilé mi ni?"

"Rárá, mà."

"Kí wá ni òkúta ṣe fún ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Apá mi ki. Ẹ̀wù há mọ́ mi. Mo wá lọ mú irin lára ìṣó, mo fún un. Ó sún díẹ̀, ó dúró. Àyè tó kù láàárín, ìka méjì lè gbà á kọjá. Bó ṣe kù tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni tí ọ̀rẹ́ já kulẹ̀.

"Gbé e wá," Erin wí. "Ọwọ́ tó ń gbé àpò ọṣẹ ló máa ṣe é." Ó gbà á. Ọrùn rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Irin dúró.

"Erin, rọra, kí ṣòkòtò má ya," ẹnì kan pariwo.

"Ọwọ́ mi ló ń yọ̀!"

"Ọwọ́ ẹ ń yọ̀, ojú ẹ ńkọ́? Kí ló ń lé e jáde?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n wo ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Baba Alọṣọ fi ojú pè mí sídìí tábìlì rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé aṣọ ló kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Gbogbo wọn ni, Baba."

"Gbogbo wọn ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ibi tí a ń to aṣọ gbígbẹ sí. "Tí ẹ bá ti jáde lọ jẹun, ibẹ̀ yẹn ló máa ń dúró sí. Irin yẹn náà ló fi ń kọ́ irin yẹn. Á fún un, á sinmi, á tún fún un."

"Ó ní òun ń sùn ni."

"Ó tàn ẹ́. Gbọ́. Tó o bá gbé korobá, ìka ẹ ti ká tán, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Irin yìí fẹ́ kí ìka rìn, láti ibi tó ti là dé ibi tó ti pa dé. Ìparí ọ̀nà yẹn, kò sí korobá tó ń kọ́ èèyàn."

"Ṣé asán wá ni gbogbo wàhálà mi?"

"Kì í ṣe asán. Awọ ọwọ́ ẹ ti yi, irin ò ní bó o. Apá ẹ á wúlò níbòmíì. Ẹni tó mọ igi gùn, ṣé torí ẹ̀ ló ṣe máa mọ odò wẹ̀?"

Mo bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi irin ṣe. Ó kọ́kọ́ lọ ọrùn ẹ̀wù kan tán.

"Èmi náà bi í. Ó ní ó wu òun kí ohun kan jẹ́ tòun, tí kì í ṣe pé wọ́n fi ta òun lọ́rẹ."

A jọ gbé yàrá kan. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Èmi náà dẹ́kun jíjáde lọ jẹun pẹ̀lú wọn. Mò ń dúró síbi tó máa ń dúró sí. Mò ń fi sítáàṣì pa ọwọ́ kí irin má yọ̀. Mò ń fún un, mò ń sinmi, mò ń tún fún un. Ariwo wọn ń wọlé láti ìta, ẹ̀rín wọn, síbí wọn. Mo fi òkúta sílẹ̀. Mo fi igi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Àyè ìka méjì di ìka kan.

Àmọ́ Erin kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rí mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹun tán, á wọlé wá.

"Tìẹ ti tó. Gbé e fún mi, kó má lọ sùn sí ẹ lọ́wọ́."

Tó bá fún un, mo máa ń wo àyè tó kù. Tiẹ̀ ń dín kù ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan, bébà nìkan ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi í kọ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. "Ọ̀la. Ẹ sọ fún Ọ̀gá kó má jáde lọ́la o."

Mi ò lè dúró dọ̀la. Mo lọ kanlẹ̀kùn Ọ̀gá, mo ní kó wá. Wọ́n yí mi ká. Mo pa sítáàṣì. Mo fi apá kan sí ìdí àtàǹpàkò dáadáa, mo jẹ́ kí ìka mi gbá èkejì mú. Mo fún un. Ìka rìn. Ó dé ibi tí Baba sọ, ó dúró níbẹ̀. Mi ò mí. Mi ò ronú nípa ẹnikẹ́ni, àní ẹ̀gbọ́n mi pàápàá. Ọwọ́ nìkan ló kù.

Kọ́.

"Háà!" Erin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó mi orí títí. "Ìkà ni ẹ́. Ọjọ́ kan péré! Ó dáa, mú un máa lọ. O gbà á bó ṣe yẹ." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó wúwo. Ọ̀gá ní ó tó, ká padà sídìí iṣẹ́.

Mo rìn lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, irin ń fa àpò mi wálẹ̀. Mo ti rò pé inú mi á dùn. Ojú ọ̀nà ni mo ti wá ro òfin yẹn dé òpin. Ẹni tó bá pa á dé ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi sílẹ̀ fún mi. Ẹnikẹ́ni ò fi ta mí lọ́rẹ. Èmi ni mo gbà á. Ìgbà tí apá méjèèjì kanra lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Ìyá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló ń fà ẹ́ sápá kan báyìí?"

"Irin ni, mà."

"Ta ló ni ín?"

Mo fi ọwọ́ kan irin nínú àpò. Ó ń wò mí. Ó gbé ìjókòó rẹ̀ sún díẹ̀ kí n lè kọjá.

"Èmi ni mo ni ín, mà."

"Wàá lò ó pẹ́."

Mo ní àmín. Mo wọlé.